Ẹ fún ìtàn adẹ́rùbani láyè ní kíláàsì

Sí Olóòtú,

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní Adó-Èkìtì. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ aṣàpèjúwe, "ẹ̀rù bà mí gan-an" ló ń kún ìwé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ka ìtàn iwin kúkúrú kan, orí gbólóhùn kan ṣoṣo la sì wà títí aago fi lù: ilẹ̀kùn dún kíìì, àtùpà ń ṣẹ́jú. Mo ní, kí ló dé tí òǹkọ̀wé kò tíì dárúkọ iwin? Ọmọbìnrin kan dáhùn pé, "Etí ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, mà." Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Ó wá kọ tirẹ̀ nípa Ìkọ́gòsì lóru, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé: ẹsẹ̀ kan ń gbóná, ìkejì ń gan fún otútù.

Ẹ̀yin aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àkókò sílẹ̀ fún irú ìwé kíkà fínnífínní báyìí.

Olùkọ́ kan,
Adó-Èkìtì