Sí ẹ̀yin oníbàárà wa tó ń gba orin sílẹ̀: ọ̀rọ̀ lórí sound card

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà o.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Pánṣẹ́kẹ́ pẹ̀lú ẹ̀hónú pé, "Kọ̀ǹpútà mi ní sound card, káàdì tó ń gbé ohùn wọlé àti jáde, nínú, èwo ni ká tún ra òmíràn?" Tó bá jẹ́ láti gbọ́ wàásù tàbí wo fíìmù ni, òótọ́ lẹ sọ, ẹ fowó yín sápò. Ẹni tó fẹ́ gba orin sílẹ̀ kó tà á ni mò ń bá wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé ìlù gángan tó gbà sílẹ̀ wá. Ìlù náà dùn. Ṣùgbọ́n níbi tí onílù ti mí díẹ̀, nǹkan kan ń kùn lábẹ́ bí ẹ̀fọn. Mo ní kó fi headphone sétí, kó rọra máa ti máòsì síwá sẹ́yìn. Bí máòsì ṣe ń rìn ni ìkùn náà ń yí ohùn padà! Àárín fáànù àti iná kọ̀ǹpútà ni káàdì inú ń gbé, ìdọ̀tí iná wọn ló ń wọ inú orin. Ìdí nìyí tí a fi ń ta èyí tó ń dá wà níta, tí ẹ ó fi okùn USB so. Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yàtọ̀ o; ẹnu máíìkì nìyẹn ń gbà wọlé, káàdì kankan ò lè gbà yín.

Àbí ẹ ti kọrin rí, kí ohùn yín máa dé etí yín lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́ tán? Lórí Windows, ẹ bèèrè èyí tó ní dírafà (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá káàdì sọ̀rọ̀) ASIO tirẹ̀; ASIO ni ìlànà tí iléeṣẹ́ Steinberg ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde kí ohùn má baà pẹ́ lọ́nà. Ní 48,000 Hz (iye ìgbà tí káàdì ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bí buffer, ìyẹn iye ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, bá jẹ́ 256, ìdádúró tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 milisẹ́kọ́ọ̀n lọ. Ẹ gbé e dé 2,048, ó di 43, onílù á ti ṣìlù.

Máíìkì condenser sábà máa ń jẹ iná 48 volts. Ihò tín-ín-rín ara kọ̀ǹpútà ò ní in. Káàdì tó ní ihò XLR oníhò mẹ́ta tó ń gbé iná yìí ni kẹ́ ẹ wá.

Páálí tí wọ́n kọ 192,000 Hz gàdàgbà sí ló ń tan èèyàn jù. CD tí gbogbo wa ń gbọ́, 44,100 ni. 24 bit, ìyẹn bí wíwọn ohùn ṣe kúnná tó, ni kẹ́ ẹ wò, torí ẹ lè fi ohùn sílẹ̀ níwọ̀nba, kó má fọ́ nígbà tí akọrin bá fi igbe ta lójijì. Oní 7.1, ti spíkà mẹ́jọ, ńkọ́? Ihò spíkà ló pọ̀ lára ẹ̀, tàwọn onífíìmù ni.

Ẹ má sanwó láìdán an wò. Ẹ gbé laptop àti máíìkì yín wá lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó pa fáànù ṣọ́ọ̀bù, a ó sì jọ tẹ́tí.