Ọmọ Ajá Tó O Bá Mú Wáyé, Ọrùn Rẹ Ló Wà

Ìjẹrù,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àyìnlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní akọ Boerboel tó o rà, irú ajá ńlá olùṣọ́ilé láti South Africa yẹn, ti dé, pé ajá inú ọgbà yín ti di mẹ́rin: Boerboel yẹn, akọ àti abo Alsatian tó o rà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, àti Tanímọ̀la, akọ ajá ìbílẹ̀ tó o mú lọ láti ilé wa níbí. O ní bí abo Alsatian bá tún ti ń wá akọ, o fẹ́ kí èkejì rẹ̀ gùn ún, kí o ta nínú ọmọ, kí o sì kó àwọn tó bá rẹwà jù lọ síbi ìdíje ajá ní Ìbàdàn àti Èkó. Inú mi dùn pé o fẹ́ràn ajá. Ilé wa lo ti kọ́ ọ, ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó sì ni ìlú wa. Ṣọ̀ún Ògúnlọlá fúnra rẹ̀, ọdẹ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo fẹ́ kí o gbọ́ kí abo yẹn tó gùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè máa tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi. Kò sí ọmọ ajá tó bẹ̀ wá pé ká mú òun wáyé. Ìwọ lo máa fi akọ àti abo sójú kan. Nítorí náà gbogbo ọmọ tó bá jáde, ó tà o, kò tà o, ó rẹwà o, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ o, ọrùn rẹ ló wà títí yóò fi kú. Bí o bá ta ọ̀kan, tó sì sú ẹni tó rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó dá a padà sí, kì í ṣe ìgboro. Sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó bá wá rà á. Bí ọkàn rẹ kò bá gba èyí, jẹ́ kí abo yẹn wà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ máa gbádùn ara yín. Kò pọn dandan kí ajá bímọ.

O kò sọ fún mi bóyá ìyá kan náà ló bí akọ àti abo Alsatian yẹn. Béèrè dáadáa. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá kan náà, má jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn láéláé. Àrùn tó fara sin sínú ìdílé, tí kò hàn lára ìyá, tí kò hàn lára bàbá, irú ibẹ̀ ló ti ń jáde lára ọmọ. Alsatian tiẹ̀ ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n ní Jámánì. Horand von Grafrath, tí ará Jámánì kan, Max von Stephanitz, rà lọ́dún 1899, ni ajá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìran wọn. Iṣẹ́ ni ọkùnrin yẹn ń wá lára ajá. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni egungun itan wọn kì í wọnú kòtò rẹ̀ dáadáa. Wọ́n á máa sáré bí ọmọdé, nígbà tó bá yá wọn kò ní lè dìde nílẹ̀ mọ́. Boerboel náà máa ń ní in. Ojú lásán kò lè rí i, àfi kí wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀. Jẹ́ kí ajá pé ọmọ ọdún méjì, kí o gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ akọ àti abo wò fún kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ Brucella. Brucella yìí máa ń mú kí oyún bàjẹ́, ó sì lè ran ènìyàn tó bá fọwọ́ kan omi ìbímọ.

Bí abo bá ń wá akọ, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àárín rẹ̀ ló sì máa ń gbà kí akọ gun òun. Akọ mẹ́ta lo ní nínú ọgbà, Àyìnlá! Lásìkò yẹn wọn kò ní mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni àwọn. Inú yàrá tó ní ilẹ̀kùn gidi ni kí abo wà, ilẹ̀kùn méjì láàárín òun àtàwọn akọ. Wáyà lásán kò tó. Abo kan sì lè lóyún fún akọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ Tanímọ̀la àti ọmọ Alsatian jọ jáde nínú ikùn kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí abo bá sì rí ẹ̀jẹ̀ láyé rẹ̀, fojú fò ó, má jẹ́ kí akọ gùn ún. Ọmọdé ṣì ni.

Àwọn mẹ́rin yìí fúnra wọn ńkọ́? Ajá kan ṣoṣo, ènìyàn ló ń wò. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn: ta ló kọ́kọ́ jáde, ta ni ọ̀gá fọwọ́ pa lórí, ta ló ní eegun. Níbẹ̀ ni ìjà ti ń wá. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóúnjẹ ní ibi tirẹ̀, kí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, kí o kó àwo kúrò tí wọ́n bá jẹun tán. Má sì jẹ́ kí ọmọ kékeré yẹn mú àkàrà dání láàárín wọn. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, kó wọn wọlé kí o tó ṣí géètì, nítorí ariwo àlejò ni ìjà fi ń bẹ̀rẹ̀ jù. Boerboel tó jẹ́ jẹ́jẹ́ báyìí lè yí padà tó bá fi máa pé ọdún kan àbọ̀ sí méjì. Ìgbà yẹn ló máa fẹ́ mọ̀ bóyá Tanímọ̀la ṣì lágbára. Tanímọ̀la ti dàgbà. Má jẹ́ kí wọ́n gba ibùsùn rẹ̀.

Bí ìjà bá bẹ́, má ki ọwọ́ bọ àárín wọn. Da omi lù wọ́n, tàbí kí ìwọ àti ẹlòmíràn di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn mú, kálukú fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ajá kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ rí ọ lóun nìkan lójoojúmọ́, ìbáà ṣe kí ẹ rìn dé ìkóríta kẹ́ ẹ padà. Ìyẹn ni mo fi ń mọ iye ajá tó yẹ kí ènìyàn ní: iye tó lè fọwọ́ pa lára lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń wo eyín, etí, awọ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ajá rẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa tètè rí eégbọn. Eégbọn tí ẹ ń fojú kéré yẹn, òun ló ń gbé àìsàn tó máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ ajá pọ́n bí omi ṣapá, kí èrìgì rẹ̀ sì funfun. Bí o bá rí i lára ọ̀kan, tọ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan náà. Oògùn aràn náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Oúnjẹ kò le. Ẹ lè po láfún tàbí ẹ̀kọ àgbàdo mọ́ ẹja àti ẹran fún wọn, ṣùgbọ́n má fi ọbẹ̀ yín sí i: àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìyẹ tí wọ́n ti sè, tó máa ń ṣẹ́ bí abẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu wọn. Ìfun tí wọ́n ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ sè é jinná.

Wàyí o, ká ní gbogbo àyẹ̀wò dára, abo sì lóyún. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, máa fi tẹmómítà wo ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá já wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìwọ̀n Celsius 37.2, ó ṣeé ṣe kó bímọ kí wákàtí 24 tó pé. Ṣáájú ọjọ́ náà ni kí o ti mọ dókítà ẹranko tó máa gbé fóònù lóru, kí epo sì wà nínú ọkọ̀. Bí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó jáde, pè é. Bó bá ń rọbí kíkankíkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò sí ọmọ, pè é. Bó bá lé ní wákàtí méjì láàárín ọmọ kan sí èkejì, tó o sì mọ̀ pé ó ṣì kù nínú, pè é. Má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ fa ọmọ. Tó bá ń tọ́mọ, tó wá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbagidi, ilé ìwòsàn ní kíá, nítorí kálísíọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ló ń tán sínú wàrà.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Tó bá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, tí òru Ọ̀yọ́ yẹn bá tutù, rọ omi gbígbóná sínú ike, fi aṣọ wé e, kí o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí wọn kí èyí tóoru bá mú lè sún kúrò. Má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá tí wọ́n tì. Èéfín rẹ̀ ń pa ajá, ó sì ń pa ènìyàn. Ojú wọn á là láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti ń lo oògùn aràn, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nítorí láti inú ìyá wọn ni aràn ti ń bá wọn wá. Aràn yẹn lè wọ ara ọmọ rẹ náà, nítorí náà kí ó fọ ọwọ́ kó tó jẹun.

Àrùn ajá tó ń jẹ́ Parvo ni kí o bẹ̀rù jù. Ó máa ń mú kí ọmọ ajá bì, kí ó yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí gbogbo ikùn kan sì tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ń wọlé látara bàtà, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Má gba àwọn tó fẹ́ wá yan ọmọ ajá láàyè láti wọ yàrá wọn kí abẹ́rẹ́ tó pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bó ti wù kí owó oníbàárà pọ̀ tó.

Oníbàárà náà, bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ajá ṣe. O mọ̀ pé ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìsìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó o fi ọwọ́ ara rẹ tọ́, ìwọ lo ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé èyí kì í ṣe fún irú ìyẹn. Lọ wo ibi tó máa sùn. Ẹni tó bá ń bínú pé o ń béèrè ọ̀rọ̀ pọ̀, má tà á fún un.

Ìdíje dára, mo fẹ́ kí o lọ. Níbẹ̀, àpèjúwe tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú ajá yẹn ni adájọ́ ń fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹwà lójú ọlọ́jà. Adájọ́ á ṣí i lẹ́nu wo eyín, á fọwọ́ kan ara rẹ̀ jákèjádò, á ní kí ẹ rìn lọ, kí ẹ sáré bọ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn báyìí, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa wá ṣí wọn lẹ́nu jẹ́jẹ́. Kí oòrùn tó mú ni kẹ́ ẹ gbéra, nítorí ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí fìfì ló fi ń tu ara rẹ̀. Ife ẹ̀yẹ kò sọ fún wa pé egungun itan ajá dára, má fi rọ́pò fọ́tò.

Àlàájì tí ilé yín fara kan tirẹ̀, lọ bá a kí ariwo tó pọ̀. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà pé ó yẹ kí àwọn fọ itọ́ ajá kúrò lára kí àwọn tó kírun, má jẹ́ kí àwọn ajá máa fò lé ọmọ rẹ̀. Kó ìgbẹ́ wọn láràárọ̀. Ibi tí wọ́n ń sùn, jẹ́ kó jìnnà sí fèrèsé rẹ̀.

Ó ku dìgbòlugi. Ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ajá bá ti pé ọmọ oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tí dìgbòlugi ti hàn lára rẹ̀ tán tí a lè sọ pé oògùn máa gbà là. Ajá tó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ìbáà ṣe tiyín, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo 28 Oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ àgbáyé fún dìgbòlugi, wọ́n sì máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ níbòmíràn lásìkò yẹn. Wádìí rẹ̀ nítòsí yín. Ọmọ rẹ kò sì gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ajá kankan, kódà Tanímọ̀la tó mọ̀ ọ́ láti kékeré.

Mo ń bọ̀ tí oṣù yìí bá parí. To káàdì abẹ́rẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí n yẹ̀ wọ́n wò, kí o sì bá mi pe ẹni tó ta Alsatian fún ọ lónìí, kó sọ orúkọ ìyá àti bàbá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.