Ikùn Ọmọ Tó Wú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ kíndìnrín fún ọmọ wọn sọ̀rọ̀, kí n sì bẹ àwọn ilé ìwòsàn Ìbàdàn ní ohun kan.

Bí dókítà bá ń yọ kíndìnrín tí jẹjẹrẹ ti wọ̀, ó máa ń mú díẹ̀ nínú àwọn kókó omi ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn, kí ó lè mọ̀ bóyá àìsàn náà ti tàn débẹ̀. Àyíká ibẹ̀ náà ni àwọn òpó tín-ín-rín tó ń kó ọ̀rá oúnjẹ láti inú ìfun lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá já tí kò sì tètè dí, omi funfun bíi wàrà á máa jò sínú ikùn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti ń jẹun padà, ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ikùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àyà òbí á sì já, nítorí ikùn wíwú náà ni wọ́n fi mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn níjọ́sí. Àwọn kan á gbà pé jẹjẹrẹ ti padà; àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni, wọn á gbé ọmọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yẹ omi náà wò. Bẹ́ẹ̀, bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde, tí wọ́n sì wọn ọ̀rá inú rẹ̀, wọ́n á mọ ohun tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá le jù. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ rù á fẹ́ kó jẹ àkàrà, dòdò, ẹ̀gúsí àti wàrà, ọ̀rá inú wọn sì ni ó ń sọ omi tó ń jò di púpọ̀. Àmàlà àti ewédú láìsí epo, mọ́ínmọ́ín tí a kò bu òróró sí, ẹja tí kò lọ́ràá àti funfun ẹyin ló sàn jù. (Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ fún ará Ìbàdàn pé kó jẹ àmàlà láìsí ọbẹ̀ ata.) Kí òbí má sì fi ebi pa ọmọ, torí omi náà ń gbé èròjà tó ń mú ara dàgbà àti àwọn ọmọ ogun ara lọ. Onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn mọ irú ọ̀rá tó ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ tààrà, tí kò ní gba inú òpó tó já náà. Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n lè fi oúnjẹ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n lo octreotide, oògùn tó ń dín omi tó ń jò náà kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń san fún láìtún ṣiṣẹ́ abẹ.

Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹjẹrẹ kíndìnrín ọmọdé kún jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́fà tí wọ́n kọ́kọ́ fojú sí, kí ó lè jẹ́ pé, nígbà tí ọdún 2030 bá fi dé, ọmọ 60, ó kéré tán, nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ ni yóò máa yè é. Mo bẹ àwọn ilé ìwòsàn wa pé, bí wọ́n bá ń dá ọmọ sílẹ̀, kí wọ́n fún òbí ní ìwé kan ní èdè Yorùbá, tí a kọ àmì ikùn wíwú, oúnjẹ tó yẹ àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.