Lórí ọ̀rọ̀ owó àwọn ọmọ tó ń bá ọ po ìyẹ̀fun

Àkànbí mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru ààrò. Inú mi dùn pé búrẹ́dì ń tà. Àmọ́ ibi tí o ti ní o fẹ́ dín owó oṣù àwọn ọmọ yẹn kù, kí o máa fi búrẹ́dì méjì lójúmọ́ dí i, ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi.

O mọ̀ pé ìtàn ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn olóko ńlá máa ń gba òṣìṣẹ́ fún odidi ọdún: ẹni tó ń fi màlúù túlẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn, obìnrin tó ń fún wàrà. Ọkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn. Ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn búṣẹ́ẹ̀lì 8 (òṣùwọ̀n ọkà wọn nìyẹn) fún ẹnì kan, wọ́n á wá fún un ní ṣílè díẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí ọkà bá wọ́n, ara tu ẹni tó ń gba ọkà. Nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, owó ni ìbá wù ú.

Àjàkálẹ̀ àrùn wá dé ní 1348. Òkú sùn lọ bẹẹrẹ, òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n, àwọn tó kù sì ń béèrè owó tó gbé pẹ́ẹ́lí. Ọba Edward Kẹta pàṣẹ ní 1349, àwọn aṣòfin tún fi òfin dè é ní 1351: owó tí wọ́n ń gbà kí àrùn tó dé ni kí wọ́n máa gbà. Ẹni tó ń sá koríko, pẹ́nì kan lójúmọ́ (kọ́bọ̀ ni bàbá mi ń pè é, 12 rẹ̀ ni ṣílè kan). Ọ̀gá káfíńtà, pẹ́nì 3. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀ o. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á kan àbà, igi tí wọ́n fi ń de ẹlẹ́ṣẹ̀, mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí jù nínú òfin náà rèé: níbi tí wọ́n ti ń fi àlìkámà sanwó tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ni yóò yàn, bóyá àlìkámà ni òun fẹ́ fún òṣìṣẹ́ ni o, tàbí pẹ́nì 10 dípò búṣẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá! Èyí tó bá dínwó lọ́jọ́ náà ni yóò mú, àbí kí lo rò? Ní 1388 wọ́n tún ṣe òmíràn: obìnrin tó ń fún wàrà, ṣílè 6 fún odidi ọdún, olùṣọ́ àgùntàn, 10.

Èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀. Ilé ìwé aládàáni tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún fún wa ní ìrẹsì dípò owó oṣù Kejìlá kan. Kòkòrò ń rìn nínú tèmi. Mo fẹ́ ẹ, mo ṣà á, mo rù ú lọ sọ́jà, ìyá kan bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò mí lójú, ó dá a lé ìdajì iye tí ọ̀gá wa kọ sílẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí onílé ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gba ìrẹsì.

Nítorí náà, san owó wọn pé. Bí o bá fẹ́ fún wọn ní búrẹ́dì, jàrà ni, má kà á mọ́ owó. Bí ọwọ́ bá há ní tòótọ́, pè wọ́n jókòó, ṣí ìwé owó sílẹ̀ níwájú wọn, kí oníkálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tó wù ú. Kí búrẹ́dì náà jẹ́ ti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn o, kì í ṣe èyí tí oníbàárà kò rà lánàá.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Bá mi tọ́jú ìwé owó náà, kí o sì fi búrẹ́dì kan tó gbóná pamọ́ fún mi. Màá sanwó rẹ̀.

Ìyá rẹ