Ẹ wọn yàrá kí ẹ tó ra ẹ̀rọ amúlétutù

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ra ẹ̀rọ amúlétutù ní Èkó. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé ṣé 1 hp (ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ) ló fẹ́ ni àbí 1.5, wọn kì í béèrè bí yàrá rẹ̀ ṣe tóbi tó, ibi tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, tàbí iye ènìyàn tó ń jókòó síbẹ̀. Ní ìlú òtútù, ẹni tó fẹ́ ri páìpù omi gbígbóná sábẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ kí ilé lè móoru a kọ́kọ́ ṣírò ooru tí yàrá náà ń pàdánù. Ó yẹ kí àwa náà máa ṣírò èyí tó ń wọlé tọ̀ wá.

BTU ni kí a wò lára ẹ̀rọ, nítorí òun ló ń sọ ooru tí ẹ̀rọ lè kó jáde láàárín wákàtí kan: 1 hp sábà máa ń jẹ́ 9,000, 1.5 hp jẹ́ 12,000, 2 hp sì jẹ́ 18,000. Ní Bràsíl, níbi tí ooru ti ń mú bíi tiwa, wọ́n sábà máa ń ka 600 BTU fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi 600 kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí ẹni méjì. Bí oòrùn bá ń ràn wọ yàrá náà, 600 yẹn á di 800 níbi méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mú pálọ̀ tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, tó gùn ní mítà márùn-ún, tí ènìyàn mẹ́rin ń jókòó sí. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ilé àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà, tí òjìji bò ó, 13,200 ni ìṣirò rẹ̀. Bí ó bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sùúrùlérè, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba fèrèsé wọlé, ó di 17,600. Ẹ̀rọ 1.5 hp fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èkíní, kò súnmọ́ èkejì rárá.

Ẹ̀rọ tó kéré kì í sinmi, owó iná ló sì ń jẹ, pàápàá fún àwa tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn oníbàárà tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù lọ, tí yúnìtì kan gòkè sí náírà 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, ẹ̀rọ kò sì lè fà á tán àyàfi tó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ láìdúró. Èyí tó tóbi jù á mú yàrá tutù kíákíá, á sì dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa bu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tẹ ìṣirò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ẹ̀rọ amúlétutù nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn olùtajà sì máa béèrè nípa yàrá kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Sùúrùlérè, Èkó.