Orin kọ́ ló ń ba ìwọ́de òṣìṣẹ́ jẹ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí tí ẹ ń gbé jáde ní èdè wa. Mo ka ohun tí ẹnì kan kọ sí ojú ewé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Benin ti sọ ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún di ọjọ́ ijó, pé orin ni wọ́n ń kọ kiri títì nígbà tó yẹ kí wọ́n jókòó fi ìṣirò bá ìjọba sọ̀rọ̀, àti pé orin ò fi fránkì kan kún owó oṣù ẹnikẹ́ni rí. Inú bí mi díẹ̀, mo ní kí n dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé dákẹ́ sí. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níhìn-ín ni mò ń gbé, mo sì ti rin ìwọ́de dáadáa láyé mi, ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Ibi tó ti sọ òótọ́ ni kí n kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ òṣìṣẹ́ wa ti ń jọ òde ìnáwó lóòótọ́. Ẹ ó rí àǹkárá ẹgbẹ́jọdá, fìlà tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ràgàjì lórí ọkọ̀ tó ń lu àwo olórin tí kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ̀ndíkà, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀gá sẹ̀ndíkà á fi ìwé ẹ̀dùn lé mínísítà lọ́wọ́, mínísítà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán, ó di ìdí ìgò. Mi ò gbè é. Àmọ́ tí ẹ bá wò ó dáadáa, ta ló kọrin níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀rọ ló ń kọrin, àwọn òṣìṣẹ́ kàn ń rìn tẹ̀lé e ni, ẹnu wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí bàbá yẹn rí tó ń bínú sí, àìkọrin ló ń jẹ́.

Ẹni tó bá ti wọ́de rí mọ̀ pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń bani. O ò mọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ, ọlọ́pàá dúró níwájú pẹ̀lú kóńdó, o rántí àwọn ọmọ nílé, o rántí pé ọ̀gá ilé ìwé ti ń kọ orúkọ àwọn tí kò wá sí kíláàsì. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti lé orin, ẹni mẹ́wàá á gbè é, kí o tó mọ̀ gbogbo títì ti gbà á, ẹsẹ̀ bá ẹsẹ̀ mu, ẹni tó ń wá ọ̀nà àtisá á kàn rí i pé òun náà ti ń pariwo. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn tí wọn kì í gbóhùn sókè nínú ilé ara wọn. Ìwé ìṣirò ò lè ṣe ìyẹn, bó ti wù kó péye tó.

Bàbá yẹn tún ní orin ò fi owó kún owó oṣù. Ó dáa, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún tá à ń wí yìí, níbo ló ti wá? Ní 1886, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà yanṣẹ́ lódì, Chicago ló ti gbóná jù, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni wákàtí 8 fún iṣẹ́, wákàtí 8 fún ìsinmi, wákàtí 8 fún ohun tó bá wu oníkálukú. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ṣeé fi kọrin, ọmọdé lè há a sórí, òun ló sì rìn títí dé ọ̀dọ̀ àwa tí bàbá wa ò mọ Chicago. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1905, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ IWW (Industrial Workers of the World). Tí wọ́n bá dúró ní oríta láti bá èèyàn sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹ́sìn Salvation Army á gbé fèrè àti ìlù wọn dé, wọ́n á fi orin ìjọ bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ṣe? Wọ́n kọ́ ohùn orin ìjọ náà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ ebi, tó fi jẹ́ pé bí fèrè bá ti ń dún ni orin tiwọn ń lọ lórí ẹ̀. Ní 1909 wọ́n tẹ ìwé orin pélébé tó ń wọ àpò jáde. Joe Hill tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ Sweden tó ṣí lọ síbẹ̀ ni, ìjọba Utah yìnbọn pa á ní oṣù kọkànlá 1915 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn tí àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lé lórí títí dòní. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan, Ralph Chaplin, kọ orin «Solidarity Forever» tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ń dìde dúró kọ títí di báyìí, ohùn rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu àwọn sójà tipẹ́ kí wọ́n tó bí Chaplin.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni wọ́n mú. Àwa ńkọ́? Ìwọ́de wa, gbólóhùn Faransé gígùn gbọọrọ ni ẹnì kan á máa kà látinú ìwé, ìyá tó ń ta àgbàdo ní ọjà Ouando á wò wá bí a ṣe ń kọjá lọ, kò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun là ń sọ àbí ti mínísítà. Ní Àjàṣẹ́ yìí! Níbi tí Oshoffa, tó jẹ́ káfíńtà, tí í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́, òṣìṣẹ́ bíi tiwa, ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947, tí kò sí Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe kan tí kò mọ ohùn orin wọn nítorí pé aládùúgbò ẹ̀ ń kọ ọ́ lóru. Orin wákà ń bẹ fún àwọn Mùsùlùmí wa. Èdè Gùn ń bẹ, Yorùbá ń bẹ, a sì gbọ́ méjèèjì, ẹni kan lè fi Gùn lé e kí àwọn yòókù fi Yorùbá gbè é, ṣebí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́jà nìyẹn. Ohùn ò wọ́n wa.

Ibi tó dùn mí jù ni ti Kétu. Ọmọ Kétu ni ìyá tó bí mi. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008, a sì ń fi àwòrán rẹ̀ pe arìnrìn-àjò. Àmọ́ ère orí ni gbogbo wọn ń wò, wọn ò gbọ́ ohun tó ń tẹnu jáde. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń jáde, láàárín ọjà. Á kọ́kọ́ júbà, á kí àwọn ìyá wa, á kí àgbà, á kí àwọn tó ni ìlú, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá dé ìdí ọ̀rọ̀: ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ìjòyè tó gba ilẹ̀ onílẹ̀, ọkùnrin tó bímọ tí kò bọ́ ọ, Ẹ̀fẹ̀ á fi orin tú u síta kedere, kò sì sẹ́ni tó máa mú un lọ́jọ́ kejì pé ó bú òun. Àwọn elégbè á gbè é, àwọn tó wá wòran á gbà á, tílẹ̀ bá mọ́ obìnrin tó ń gún iyán á máa kọ ọ́, ọmọ tó ń lọ odò á máa kọ ọ́, ẹni tí wọ́n fi orin wí á máa gbọ́ ọ níbikíbi tó bá yà sí títí ìtìjú á fi mú un.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ìbà ló kọ́kọ́ jẹ́. Ní ìwọ́de tiwa, èébú ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọlọ́pàá ti ń rí ìdí tó ń wá. Ẹ̀fẹ̀ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, á kí ẹ, á kí baba ẹ, ìgbà tó o bá ti dáhùn tán, ó ti di dandan kó o dúró gbọ́ ìyókù. Àwọn ọ̀gá sẹ̀ndíkà wa tó ń lọ ṣe sẹminá ní òtẹ́ẹ̀lì lórí bí wọ́n ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀, owó ọkọ̀ dé Kétu ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ pé èébú gan-an ló ń ṣiṣẹ́, á sì mú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta wá bá mi. Òótọ́ ni, ní 1947 àwọn ìyá yẹn, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣaájú wọn, jókòó ti ààfin nítorí owó orí, orin tí wọ́n fi bú Aláké Ademola lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tí ọmọ ilé ìwé ń kà. Ìbẹ̀rẹ̀ 1949 Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀. (Ó padà wá lẹ́yìn náà, mo mọ̀, ẹ má torí ìyẹn kọ lẹ́tà sí mi.) Àmọ́ ìyá ń bú ọba nìyẹn, wọ́n sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Níbí, òfin dígítà ọdún 2018 ti gbé akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n rí nítorí ohun tó kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò orin yín á sì dé orí WhatsApp kí ẹ tó délé. Ẹ fi orúkọ èèyàn sílẹ̀, ẹ kọ orin nípa ohun tó ṣe, gbogbo ayé á fúnra wọn mọ ẹni tí ẹ ń bá wí.

Àwa ará Àjàṣẹ́ gan-an ò jẹ́ àjèjì sí ọ̀ràn yìí. Ní 1923 tí ìjọba Faransé fi kún owó orí, àwọn baba wa ní àwọn ò san, wọ́n ti ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró, títí tí gómìnà fi kó sójà dé. Louis Hunkanrin, ọmọ ìlú yìí, tíṣà bíi tèmi, wọ́n lé e lọ sí Mauritania nítorí ẹ̀. Ní 1963, ìwọ́de àwọn òṣìṣẹ́ wà lára ohun tó lé Hubert Maga, Ààrẹ àkọ́kọ́ wa, kúrò lórí àga. Ní 1989 tí ìjọba Ààrẹ Kérékou ò rówó oṣù san mọ́, tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ yunifásítì, gbogbo wa la wọ gírẹ́fù, ìyẹn ìyanṣẹ́lódì, oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pe àpérò gbogboogbò sí Kútọnu. A kọrin ní 1989 o. Orin ìjọ la yí pa dà, orin òkú la yí pa dà, ẹni tó bá ní ohùn ló ń lé e, kò sẹ́ni tó bèèrè nọ́ḿbà ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní báyìí ńkọ́? Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹwàá 2018 ní ìyanṣẹ́lódì ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ lọ́dún, ọjọ́ 7 ní ìdajì ọdún, ọjọ́ 2 lóṣù. Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ò tiẹ̀ gbọdọ̀ ṣe é rárá. Owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 40,000 fránkì, ó di 52,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó dáa, àmọ́ ọjà ò dúró dè é, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn sẹ̀ndíkà jáde ní Kútọnu ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2024 nítorí ọ̀wọ́ngógó, tí ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká, tí wọ́n sì mú àwọn olórí wọn, kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá ti ka ọjọ́ fún báyìí, tí kò lè jókòó sílé pẹ́, kí ló kù fún un ju ẹnu lọ? Orin ò sí nínú ọjọ́ 10 yẹn. Nọ́ọ̀sì lè kọ ọ́ nígbà tó bá ń fọ ọwọ́.

Mo gbìyànjú ọ̀kan fúnra mi, ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi kì í ṣe Ẹ̀fẹ̀:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà ìlú,
— Ebi ò ka kàlẹ́ńdà.
Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní ká fi bínú lọ́dún,
— Ebi ò ka kàlẹ́ńdà.
Ọjọ́ méjì péré lẹ yọ̀ǹda lóṣù,
— Ebi ò ka kàlẹ́ńdà.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjọ́ ọ́ kà, ẹ bá wa ka owó ọjà,
— Ebi ò ka kàlẹ́ńdà.

Ọmọ ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń fi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́jọ́sí mú ìwé ìṣirò tirẹ̀ wá, ká wo èyí tí ọjà Ouando máa gbà lẹ́nu. Mi ò sọ pé ká má ṣe ìṣirò o, ẹni tó bá wọlé lọ bá ìjọba jókòó gbọ́dọ̀ mọ nọ́ḿbà ẹ̀ dénú, àmọ́ ìjọba mọ̀ bóyá èèyàn wà lẹ́yìn onínọ́ḿbà àbí kò sí.

Nítorí náà, Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ bá wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ títí ọjọ́ òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀. Kí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ, Pobẹ, Sakété, ẹni tó bá rántí orin tí wọ́n kọ ní 1989 tàbí tó gbọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu òbí ẹ̀, fi ránṣẹ́ sí yín, lílé àti ègbè, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ àti ohùn orin tí wọ́n yá a látinú ẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ń kú lọ, kò sì sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. Ẹ tún sọ fún àwọn ọ̀gá sẹ̀ndíkà kí wọ́n fi owó tí wọ́n fẹ́ fi háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́dún yìí ra oúnjẹ fún olórin mẹ́ta. Mẹ́ta tó. Orin méjì tí mo rántí láti 1989 wà nínú àpòòwé yìí kan náà, ẹsẹ̀ kẹta èkejì ò pé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi parí ẹ̀.

Èmi òǹkàwé yín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Àjàṣẹ́.