Ẹ̀bẹ̀ àwa ẹlẹ́wé-ọmọ ọjà Ọ̀mù-Àrán lórí ewé àti egbò wa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn,

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí à ń ta ewé àti egbò la kọ ìwé yìí, ẹ má bínú pé kò rí bíi ti lọ́yà.

Àwọn kan ń wọ ọjà wa, wọ́n á ní ìwádìí làwọn ń ṣe, wọ́n á ra ewé díẹ̀, wọ́n á wá máa bèèrè pé kí lẹ pò mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́, fóònù á sì máa ká ohùn àwọn ìyá wa sílẹ̀, tí wọ́n bá ti lọ, ó tán nìyẹn. Àwọn mí ì tiẹ̀ ń fún ọmọ lówó kó lọ bó èèpo ọ̀gànwó yíká, bẹ́ẹ̀ igi tí wọ́n bá bó yíká, kíkú ló máa kú.

A ò ṣahun o. Ṣé ẹ mọ ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín? Inú èso ẹ̀ ni wọ́n ti yọ thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000, wọ́n ń fi sóúnjẹ káàkiri ayé, àwa ewé la ṣì ń tà. Lọ́dún 1995 Amẹ́ríkà fún àwọn kan ní páténtì, ìwé àṣẹ pé àwọn nìkan ló ni ín, pé àwọn ló ṣàwárí fífi ata ilẹ̀ pupa wo ọgbẹ́ sàn, Íńdíà kó ìwé àtijọ́ jáde pé ó ti pẹ́ táwọn ti mọ̀ ọ́n, Amẹ́ríkà sì fagi lé páténtì náà ní 1997. Ìwé ló gbà wọ́n. Àwa ńkọ́? Ẹnu àwọn ìyá wa ni tiwa wà.

Nàìjíríà wà nínú àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Nagoya ti 2010, tó ní kí ẹni tó fẹ́ mú ewé onílé gba àṣẹ kó sì pín èrè, àmọ́ àdéhùn tó wà l'Ábújá ò lè dá ẹni tó gun ọ̀kadà wọjà dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, kí káńsù ṣòfin pé ẹni tó bá wá ṣèwádìí máa kọ́kọ́ yọjú sí yín, ká tọwọ́ bọ̀wé l'Édè Yorùbá, kí wọ́n kà á sétí àwọn ìyá kí wọ́n tó tan fóònù. Ẹ tún bá wa ṣí ìwé kan tí a máa kọ orúkọ ewé àti ohun tó ń wò sí, kó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àpòpọ̀ ẹ̀ ò ní sí níbẹ̀ o, ẹni tó bá ní ká kọ ìyẹn náà, ó ní nǹkan tó fẹ́ fi ṣe. (Àwọn ọmọ wa tó ń gbé àgbo sórí TikTok, a máa bá wọn sọ ọ́ nílé.)

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wa, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sọ́jọ́ ọjà.

Ìyá Ẹgbẹ́ àti Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo ẹlẹ́wé-ọmọ